Ènìyàn Dà Níbẹ̀?

Ọjọ́ kẹta rèé tí mò ń jí dé ọ̀nà Ọ̀dà
kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀.
Mo fi rọ́bà táyà di ẹsẹ̀ kẹta kámẹ́rà tó ti rọ,
mo dojú ẹ̀ kọ àpáta Ìdànrè lókèèrè.
Ọyẹ́ bò ó.
Lánàá náà, ọyẹ́ bò ó.

Ọ̀gá mi ní Ìjọ̀kà, Adégbọnmirè tó ń ya páṣípọ́ọ̀tù,
a máa ní: "Ojú ló ń yàwòrán, ẹ̀rọ kàn ń jẹ́rìí ni."
Mo gbọ́ ọ, kò yé mi.
Mo rò pé ohun téèyàn kó wọlé ni àwòrán;
àṣé ohun téèyàn fi sílẹ̀ lóde ni:
òpó iná, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì,
ìdajì sánmà.

Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.
Aago méje kọjá díẹ̀ ló tó yọjú,
ó fẹsẹ̀ kan orí àpáta bí ẹni ń dán omi wò,
ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí ewé kòkó.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ìyá Morádéyọ̀ dúró lẹ́yìn mi tòun tàdá lọ́wọ́.
"Ènìyàn dà níbẹ̀?
O jí kùtù hàì torí òkúta?"
Mo gbé e hàn án.
Ó wò ó, ó tún un wò,
ó fi ìka tí omi kòkó ti dà sí tọ́ka sí igun ìsàlẹ̀,
níbi tí èmi ti rí òjìji lásán.
"Ahéré bàbá wọn nìyẹn.
Ọdún mẹ́rin tó ti kú, n ò yà síbẹ̀ mọ́."

Igun tí mo ti ní n óò gé kúrò.