Okùn Tí Urho Fi Sílẹ̀

Rédíò ní ó ń bọ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Orúnkún mi ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ajé;
rédíò kàn ń gbè é lẹ́yìn ni.
Adágún ti dákẹ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo,
pẹ́pẹ́yẹ ti kó ẹrù wọn lọ,
ológbò ò kúrò nídìí ààrò mọ́.

Èmi náà bá dìde.
Mo pọnmi kún ọpọ́n ìwẹ̀ dé etí,
torí ẹ̀rọ tó ń fa omi wa sókè, iná ló ń jẹ:
bí iná bá lọ, omi á wà nínú kànga,
òùngbẹ á wà nínú ilé.
Mo pọn kún ìkòkò, mo pọn kún garawa.
Àbẹ́là méjìlá. Ìṣáná páálí mẹ́ta, mo fi ọ̀rá wé e.
Bátìrì rédíò, mo fi ahọ́n kàn án,
ó ta mí. Ó dáa.
Ọ̀dùnkún wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹja wà nínú iyọ̀,
kọfí wà, pọ́n-ùn mẹ́rin;
ẹni tó bá ní mẹ́rin ti pọ̀ jù
kò tí ì bá àwa ọmọ Fínláǹdì tó wà ní Míṣígàn gbé.

Urho ló máa ń ṣe gbogbo èyí.
Èmi a máa fi í ṣẹ̀sín:
“Ogun wo ló ń bọ̀, tí o ń kó igi jọ bí ọ̀kẹ́rẹ́?”
Kì í fèsì. Á mú okùn,
á so orí kan mọ́ ìlẹ̀kùn wa,
á fa ìyókù lọ so mọ́ òpó abà igi,
ogójì ẹsẹ̀ bàtà.
Heikki bàbá rẹ̀ ló sọ fún un nípa ọkùnrin kan
tó jáde lọ mú igi lọ́dún tí ìjì funfun jà.
Ìgbà tí yìnyín yọ́ ni wọ́n tó rí i,
ìgbésẹ̀ mẹ́jọ péré sí ìlẹ̀kùn ara rẹ̀,
tó gbé igi mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Oṣù kejì ni Urho kú. Ilẹ̀ le bí irin;
ó di oṣù karùn-ún ká tó rí ibi gbẹ́ fún un.
Okùn rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó.
Mo so ó. Ọwọ́ mi ò mọ kókó tirẹ̀,
mo ta èyí tí mo fi ń so bàtà àwọn ọmọ.

Ìjì dé, kò kan ilẹ̀kùn.
Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, ó pajú dé.
Fírísà tó ń kùn látàárọ̀ panu mọ́.
Mo kó ẹran inú rẹ̀ síta sínú yìnyín,
ẹ̀rín pa mí lóru:
oṣooṣù ni mo ń sanwó òtútù,
òtútù ọ̀fẹ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Aago méjì kọjá nígbà tí nǹkan fa okùn.
Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ a máa gbọ̀n ọ́n ni;
èyí ń fà á, ó ń dúró,
ó tún ń fà á.
Mo gbé àbẹ́là, mo ṣílẹ̀kùn.
Arvid, ọmọ àwọn Lahti,
tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná,
yìnyín so sí i nírùngbọ̀n bí èso.
Ọkọ̀ rẹ̀ ti rì lójú títì,
ó rìn títí tó fi forí gbá abà igi,
ibẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ ti ba okùn.

“Ẹ má bínú, Màmá Impi,
iná yín ni mo ń bọ̀ wá tún ṣe.”
Mo ní, “Wọlé ná,
kó o wá yáná tèmi.”

Ife Urho ni mo fi bu kọfí fún un.
Ìgbà tí ìka rẹ̀ padà mọ ara wọn ló bi mí,
ta ló ta irú kókó rádaràda yẹn sẹ́nu ọ̀nà.
“Ṣé ó tú?” ni mo wí.