Ìlù Tó Ń Yáná

Ní Stromness, ní erékùṣù Orkney,
níbi tí ìjì ti ń kanlẹ̀kùn ju àlejò lọ,
mo ń tọ́jú ìyá arúgbó kan lóru.
Harriet Flett ni wọ́n kọ sínú fáìlì.
Ọmọ ẹ̀yà Cree ni, láti etí odò Moose ní Kánádà.
Ọkọ ló gbé e dé ibí, òkun ló gbé ọkọ lọ.
Ó ku òun, ó ku ìlù.

Ìlù ọ̀hún kò fẹ̀ ju abọ́ ìjẹun baálé lọ,
ojú kan ṣoṣo ló ní,
awọ ẹran igbó òtútù,
okùn awọ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá
níbi tí ọwọ́ òsì ti ń dì í mú.

“Òjò ibí yìí ń dẹ awọ,” ni ìyá wí fún mi.
Òótọ́ ni. Bí ó bá rin, ohùn páálí ló ń mú jáde.
Nílé wọn, iná igi ni ìlù ń yá.
Níhìn-ín, ẹ̀rọ tí Doreen ọmọ rẹ̀ fi ń gbẹ irun ni.
Mo ti bá Doreen nílé ìdáná,
tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná yí ojú awọ po,
tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án wò
bí ẹni ń wò ó bóyá ibà ọmọ ti lọ.

Ní ilé-ìwé tí wọ́n kó ìyá lọ ní kékeré
wọ́n fi ọṣẹ fọ èdè lẹ́nu rẹ̀.
Ó dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fọ ẹnu ọmọ tòun.
Ìdákẹ́ náà ni Doreen kọ́kọ́ jogún.
Ọdún tó bí Wapan
ló tó wá jókòó síwájú ìyá, tó ní, “Ẹ kọ́ mi.”

Mo kọ́kọ́ rò pé orin náà kò ní ọ̀rọ̀.
Ó ga, ó já wálẹ̀ bí ẹni yọ̀, ó tún ga.
Mo béèrè ìtumọ̀. Ìyá ní,
“Ìyá ìyá mi ni.
Kì í ṣe pé ó ń sọ nípa rẹ̀. Òun gan-an ni.”

Ìyá tèmi ń bẹ ní Ìgbájọ,
ó mọ ẹkún ìyàwó dénú egungun.
Nígbà tó fẹ́ kọ́ mi, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ń kàwé.”
N kò gbé ìlà kan ṣoṣo wọ bàálù.
Kílò mẹ́tàlélógún ni wọ́n gbà fún mi,
gaàrí ló jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Lóṣù Kejìlá ìjì gé wáyà iná.
Ilé ṣú. Ògiri ń mí òtútù.
Ìyá ní kí a gbé ìlù wá.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn,
Doreen sì wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí kò lè gúnlẹ̀.
Ó ku Wapan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
tí bọ́ọ̀lù wù ju orin lọ.
Ó ká súwẹ́tà sókè, ó ti ìlù bọ abẹ́ rẹ̀,
awọ sí awọ, ojú ìlù sí ikùn,
ó ké, “Ó tutù!”
ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ bí aboyún kékeré
títí àbẹ́là mi fi jó dé ìdajì.

Nígbà tó yọ ọ́, tó gbá a,
kò dún dáadáa. Ó ṣáà dún.
Ó kọ ìlà kìíní, ó gbàgbé ìkejì,
ó padà sí ìkíní.
Ìyá di ojú.
Lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀lé e.
“O yára jù,” ló wí. “Ìyá mi kì í sáré.”
Ọmọ náà fa imú, ó tún un gbá.

Láàárọ̀, n kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi pe Ìgbájọ.
Mo ní, “Màmá, ẹkún ìyàwó yín yẹn,
báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?”
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní, “Ṣé o ti jẹun?”