Kókó Méje

Ara ewé ọ̀pẹ̀yìnbó ni wọ́n ti ń fà á yọ
ní Balete, nílùú àwọn ìyá mi.
Kì í ṣe èso o. Èso, ẹnu ló ni ín.
Ewé ẹlẹ́gùn-ún tí ẹ̀yin ń gé dànù,
òun ni Ìyá-àgbà Eufrasia ń tẹ́ sórí pákó,
tó ń fi àfọ́kù àwo fá awọ rẹ̀,
àwo tí bàbá mi fọ́ lọ́jọ́ tó mutí yó:
a ò dà á nù, ó di irinṣẹ́.
Abẹ́ awọ tútù yẹn ni òwú sá pamọ́ sí,
ó funfun bí ewú, ó tín-ín-rín ju ewú lọ.

Wọ́n á fọ̀ ọ́ lódò, wọ́n á sá a sóòrùn,
wọ́n á wá máa so ó, ìdí mọ́ orí, ọ̀kan mọ́ ọ̀kan,
kókó tí ojú kò rí, tí èékánná nìkan mọ̀.
Ọdún tí ojú Ìyá-àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì
ni kókó rẹ̀ kéré jù lọ.
Ó ní ojú ló máa ń dá ọwọ́ láàmú.

Ilé wa kì í gba atẹ́gùn láàyè.
Bó ti wù kí oòrùn Ẹrẹ́nà sè wá tó, fèrèsé á wà ní títì,
fáànù á dojú kọ ògiri bí ọmọ tó ṣẹ̀,
torí òwú náà, èémí lásán lè já a.
"Anselmo, rọra kọjá."
"Anselmo, má rẹ́rìn-ín nítòsí òfì."
Mo ti mọ bí a ti ń rìn bí òjìji
kí n tó mọ̀wé kà.

Mo wá sín.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ata ló wọ̀ mí nímú.
Ẹ̀ẹ̀kan péré. Òwú méje já.
Mo dúró, mò ń retí ìgbátí.
Ìyá-àgbà sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.
"Jókòó. Ìwọ lo já a, ìwọ ni wàá so ó."
Ilẹ̀ ṣú kí n tó so ó tán,
kókó ràbàtà,
bí ìkúùkù ọmọdé nínú ìkùukùu.

Ọ̀gbẹ́ni Villarosa dé láti Manila.
Ó gbé aṣọ náà síwájú fèrèsé,
ó ń rí igi àgbọn láti inú rẹ̀, ó ń rí ewúrẹ́ wa,
ó ń mi orí, ó ń mi orí,
títí ó fi kan ibi tí mo so.
Ó béèrè fún sísọ́ọ̀sì. Ó gé e kúrò, ìbú ọwọ́ kan,
ó sì gé owó náà.
Ọkọ ìyàwó kan ló wọ ìyókù, a ò mọ orúkọ rẹ̀.
Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin; ó wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án kan.

Ọdún kẹtàlélógún rè é.
Ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun ni mo ti ń jẹun,
epo dúdú ti wọ̀ mí léèékánná, kò ní jáde mọ́.
Ní èbúté Rotterdam, níbi tí yìnyín ti ń bọ́,
wọ́n fún mi ní lẹ́tà kan láti ilé.
Mo rò pé ìwé nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò wúwo.

Kò ṣeé fi nu òógùn. Kò lè gba òtútù.
Mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ìlà ọwọ́ mi ni mò ń kà.
Àbúrò mi kọ ọ́ pé:
"Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ la ti rí i, lẹ́yìn ìsìnkú.
Ó ti máa ń sọ pé tìẹ ni."

Mo paná yàrá.
Mo fi èékánná wá wọn nínú òkùnkùn.
Gbogbo wọn pé, méjèèje, bí mo ti fi wọ́n sílẹ̀.
Ó lè tú wọn lóru ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo ti sùn,
kó tún wọn so kí ará Manila tó dé;
iṣẹ́ wákàtí kan ni, lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò tú wọn.

Ẹ́ńjìnnì ń kùn nísàlẹ̀.
Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
kí n tó mí.