Etí Ojúọlápé

Ọjọ́rú, ní Ìjerò, kíláàsì kejì.
Mo gbé téèpù sórí tábìlì,
bátìrì rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́.
Òyìnbó inú rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ méjì:
ọ̀kan ni kí ènìyàn fa nǹkan,
ìkejì, adágún tí olówó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọgbà rẹ̀.
"Ẹ gbé bírò sílẹ̀," mo ní. "Ẹ gbọ́ ná."

Kí n má purọ́:
bákan náà ni méjèèjì dún létí èmi ọmọ Ìsẹ́yìn.
Ìwé ló sọ fún mi pé wọ́n yàtọ̀.

Òjò dé, ó ń lu páànù. A dúró dè é.
Nígbà tó dá, Ojúọlápé nawọ́:
"Tíṣà, ó dà bí ulé àti ulẹ̀."
Báwo?
"Tí ìyá àgbà mi bá pe ulé, u rẹ̀ a fún.
Tí wọ́n bá pe ulẹ̀, u rẹ̀ a dẹ̀ díẹ̀,
bí ìró ẹni tó jẹyán yó."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Èmi ò lè rẹ́rìn-ín,
èmi tí mo ti ń sọ láti ọdún mẹ́ta
pé kí wọ́n fi èdè ilé sílé.

"Tún un pè."
Ó pè é. N ò gbọ́.
Ó tún pè é, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ ọwọ́.
Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ilẹ̀kùn kan ṣí
níbi tí mo ti rò pé ògiri ni.

Bátìrì ti kú tipẹ́.
Kò sẹ́ni tó bojú wò ó.