Àkàbà Ẹ̀yìn Ilé

Ní oṣù kẹsàn-án, tí èso ápù ń já bọ́ ní Galísíà,
Amaro, bàbá mi, rí ilé agbọ́n lábẹ́ òrùlé abà:
ó tó orí ọmọ màlúù, àwọ̀ rẹ̀ bí bébà tí òjò pa.
Ó ní, "Iná ni mo fi ń lé wọn láti kékeré."
Ó rẹ àkísà sínú bẹntiróòlù, ó gun àkàbà.

Mo gbọ́ ìró kan. Kì í ṣe igbe;
ó dà bí ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo lókèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí ni agbọ́n lè fi àgbà ṣe,
ẹ ò tíì ka ojú oró lọ́rùn bàbá yín:
mọ́kànlá. Ètè wú, ọ̀fun dí,
ó ń wá afẹ́fẹ́ bí ẹja orí àpáta.

Ọkọ̀ pàjáwìrì dé. Abẹ́rẹ́ kan ló dá a padà fún wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Uxía dé, ọmọ Leiro alágbẹ̀dẹ,
aṣọ funfun bò ó látorí dé bàtà,
ọ̀pá rẹ̀ gùn ju òrùlé lọ.
Kò gun nǹkan kan. Kò ṣáná.
Ó ní ká ti fèrèsé, ká so ajá mọ́lẹ̀;
ó dúró títí wọ́n fi wọlé sùn tán,
ó wá fẹ́ oògùn sí wọn lẹ́nu ọ̀nà,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀.

"Èló ni?" Bàbá bi í.
Ó dá a lóhùn. Bàbá ní ó wọ́n.
Mo wo ọrùn rẹ̀, n ò sọ nǹkan kan.

Àkàbà náà ṣì wà lẹ́yìn ilé.
Lọ́dún yìí, ẹ̀wà ìyá mi ló ń gùn ún.