Kọ́kọ́rọ́ Kan, Iṣu Mẹ́ta

Bí o bá sín ní Òdòlú,
wọn á ti ṣe ọ́ ní pẹ̀lẹ́ ní Kàtú kí o tó nu imú.
Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni mo ti háyà yàrá kan,
mo fi àga méjì sí i, mo ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé,
mo ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin ní Lọ́kọ́ja
tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọ tó gbé e gun àtẹ̀gùn.
Orúkọ iṣẹ́ mi gùn lára pátákó;
àwọn ọmọ iléèwé gé e kúrú: Dókítà Orí.
Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́rùn mi tọ̀sán-tòru.
Ọkọ mi ní irin ni òun ń bá sùn.

Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Owóníyì. Orúkọ rẹ̀ kọ́.
Ẹ jẹ́ kí ó máa wa tírélà sìmẹ́ǹtì; bóyá kì í wa nǹkan kan.
Níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀,
ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó sùn mọ́.
Ibẹ̀ ni n ó dúró sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ó tó yanu, mo ní:
“Ohun tí o bá sọ níhìn-ín, ìhín ni yóò sùn.
Àfi bí o bá fẹ́ pa ara rẹ, tàbí o fẹ́ pa ẹlòmíràn.
Ìgbà yẹn, n kò ní í lè dákẹ́.”
Ó rẹ́rìn-ín. “Ta lẹ máa sọ fún?
Ọlọ́pàá wo ni kì í ṣe àna mi?”
Mo kọ ìbéèrè náà sílẹ̀.
N kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Bàbá onílé ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.
“Òkun o, Dókítà.”
“Òkun o, bàbá.”
Ó jókòó, ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni wo ìkòkò ọbẹ̀.
“Ọkọ àbúrò mi yẹn, ṣé orí rẹ̀ ti dàrú ni?
Bó bá ti dàrú, ká tètè lọ mú ọmọ wa wálé.”
N kò ní mo mọ̀ ọ́n. N kò ní n kò mọ̀ ọ́n.
Mo ní, “Bàbá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wá lánàá,
ṣé ẹ óò fẹ́ kí n sọ fún un lónìí?”
Ó dákẹ́. Ó tún fìlà ṣe.
Ní ìparí oṣù, owó ilé fò sókè.

Nígbà ìkórè, Owóníyì gbé iṣu mẹ́ta wá,
kò ní owó ìjókòó.
Olùkọ́ mi ní Ìbàdàn ti ní: má gba ẹ̀bùn.
Ṣùgbọ́n olùkọ́ mi kò rí ẹni tó ń ru iṣu padà lọ́sàn-án gangan,
tí gbogbo àdúgbò ń bi í pé,
ta ló kọ̀ ọ́, kí ló gbé e débẹ̀?
Mo gba ọ̀kan.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé owó: iṣu kan, ó tóbi.
Méjì tó kù fi wákàtí kan gbáko dá wa dúró.
Lálẹ́, mo pe olùkọ́ lórí fóònù,
mo sọ ti iṣu, n kò sọ ti orúkọ.
Ó rẹ́rìn-ín títí.
Ó ní, “Ṣé ó dùn?”

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń wo bàtà mi
títí yóò fi yàn láti kí mi.
Kì í kí mi. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyí.
Lóru ọjọ́ kan, ọyẹ́ ń jà,
ọkọ mi bi mí pé kí ló dé tí mò ń mí kanlẹ̀.
Mo ní, “Níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀ yẹn…”
Mo gé e.
Kò bèèrè ìyókù.
Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ wa bá débẹ̀,
á rọra wà á, á yọjú wò mí.
Èmi á máa wo òkè,
kọ́kọ́rọ́ á tutù láyà mi.