Ìka Jagoda

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Bonifacy Wrycza,
ní àjà kẹrin, ní Gdynia,
níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń jẹ irin bí ẹni jẹ búrẹ́dì.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa kíréènì ní èbúté,
ó ń gbé àpótí irin sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀,
gbì! gbì! gbì!
títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi.
Owó ìfẹ̀yìntì dé, kò ra mọ́tò. Kò ra ẹ̀wù òtútù.
Ó ní sítẹ́rió òun ń ṣàìsàn.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ pààrọ̀.
Ó fi í hàn mí lórí àtẹ́lẹwọ́, ohun tí kò tó ẹyin eèrà.
"Wò ó," ó ní, "èyí ló ń ka gbogbo rẹ̀."
Owó oṣù kan gbáko. Mo dákẹ́. Ta ni mo jẹ́?
Ó tún kan ampilifáyà, èyí tó ní gílóòbù mẹ́rin
tó ń pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Sípíkà dé: ọkùnrin méjì ló gbé e gun àtẹ̀gùn,
ọ̀kan ń ṣépè, ọ̀kan ń làágùn,
Bonifacy ń tẹ̀ lé wọn, "Ẹ rọra, ẹ rọra,"
àfi bí ẹni pé aboyún ni wọ́n gbé.
Lẹ́yìn náà, waya. Waya!
Ó nípọn bí ejò tó gbé eku mì,
iye rẹ̀ tó owó ilé mi.
Ó sún sípíkà kúrò lára ògiri, ó tún sún un padà,
ó fi ẹyọ owó há ẹsẹ̀ rẹ̀ kan,
ó fi kápẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀ bo ilẹ̀.

Síbẹ̀, ó ní ó ku nǹkan kan.
Ó ní ńṣe ló dà bíi pé wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orin náà lórí.
Ó dá waya lẹ́bi. Ó dá iná ìlú lẹ́bi.
Ó dá èmi náà lẹ́bi, èmi àti ẹ̀rọ ìfọṣọ mi.

Sátidé kan tí yìnyín ń bọ́, ó ní kí n wá gbọ́ ọ.
Mo mú Jagoda dání, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
tí kò mọ̀ pé ènìyàn máa ń jókòó lásán gbọ́ orin.
Rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti ní láti ìgbà àpọ́n rẹ̀ ni:
fèrè, dùùrù, obìnrin kan tó ń kọrin ní èdè Kàṣúbù.
Nínú gbogbo ohun tó sọ, ẹja nìkan ni mo gbọ́.
Ó dùn. N kò ní parọ́, ó dùn wọ eegun.

Jagoda bá yíjú padà. "Ta ló ń lu agogo kékeré yẹn?"
"Agogo wo?"
"Tín-ín yẹn. Òun náà tún nìyẹn."
Mo gbọ́ ọ. Ó tín-ínrín, bí ìgbà tí ṣíbí kan ife.
Bonifacy wo ampilifáyà. Ó wo waya.
Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí ọ̀tún,
ó sì já a gbà kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò, kò jìnnà sí ọjà ẹja.
Orúkọ dókítà náà dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

Ó dìde, ó dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀,
abẹ́rẹ́ olówó gọbọi yẹn,
ó wá yí àga rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ sípíkà,
ó dojú rẹ̀ kọ ọmọ mi.
"Nígbàkígbà tó bá dún," ó ní, "na ìka fún mi."

Obìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹja rẹ̀.
Ní òdìkejì ògiri, ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ń mì tìtì, mo ti gbàgbé láti pa á.
Jagoda gbé ọwọ́ lé itan, ó fún ètè pọ̀,
ó dúró,
ó na ìka.
Bonifacy mi orí.
"Ó ṣì ń dún," ó ní.